Ẹ Ti Fún Un Pọ̀, Ẹ Gbàgbé Láti Nà Án

Lóṣù tó kọjá nìkan, ọ̀dọ́ dáírẹ́kítọ̀ mẹ́ta ló gbé ẹjọ́ kan náà wá bá mi: "Ẹ̀gbọ́n, ojú àwọn òṣèré mi gùn nínú fíìmù." Ojú wọn ò gùn. Ẹ̀yin lẹ fún wọn pọ̀.

Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí kámẹ́rà. Láti 2018 tí ilé-iṣẹ́ Blackmagic ti gbé Pocket Cinema Camera 4K jáde ní 1,295 dọ́là, ẹni tí kò lówó láti rà á á rí i yá. Ó ń jẹ bátìrì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Ẹ gbé bátìrì ńlá dání, ó parí.

Lẹ́ńsì anamorphic, èyí tó ń fún àwòrán pọ̀, ni wàhálà. Kó tó di 2020 tí ilé-iṣẹ́ Sirui gbé ọ̀kan tí kò tó 1,000 dọ́là jáde, ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ ṣe fíìmù kì í tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Ní báyìí, gbogbo ọmọ tó bá ti rí ìlà búlúù tó ń là kọjá lójú iná mọ́tò nínú fíìmù òyìnbó ló fẹ́ ẹ. Ìlà búlúù kì í ṣe àwúre o! Àwọn kan tiẹ̀ wà tí wọ́n ń na okùn ìwọ̀ apẹja mọ́ ojú fíltà, gíláàsì iwájú lẹ́ńsì, tí wọ́n ń tà á fún yín pé anamorphic nìyẹn. Ìlà ni wọ́n tà fún yín, wọn ò ta lẹ́ńsì.

Ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Lẹ́ńsì yìí ń fún àwòrán pọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, kì í fọwọ́ kan òkè àti ìsàlẹ̀. Henri Chrétien, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣe irú èyí tí 20th Century-Fox fi ṣe CinemaScope ní 1953, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ń kó èrò kúrò ní sinimá Amẹ́ríkà. Fíìmù 35 mìlímítà ayé ìgbà náà ò fẹ̀, ni wọ́n bá fún àwòrán pọ̀ ní ìlọ́po 2 kó lè wọ inú rẹ̀. Lẹ́ńsì ara ẹ̀rọ sinimá ló ń nà án padà. Àwòrán kámẹ́rà tiyín ti fẹ̀ tẹ́lẹ̀, 16 sí 9 ni, ìyẹn 1.78. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì olówó pọ́ọ́kú fi ń fún un ní ìlọ́po 1.33 péré. Ẹ fi 1.33 sọ 1.78 di púpọ̀, ó di nǹkan bíi 2.37, ìbú sinimá nìyẹn. Ẹ fi ìlọ́po 2 síbẹ̀, ó di 3.56: ọ̀já ìgbọ́mọpọ̀n lẹ yà yẹn.

Mónítọ̀ ló ń tàn yín jẹ. Bí ẹ bá tẹ ibi tó ń na àwòrán, ojú yín nìkan ló nà án fún. Èyí tó wà nínú káàdì ṣì wà ní fífúnpọ̀. Ẹ kọ 1.33 sára síléètì tí wọ́n ń gbá níwájú kámẹ́rà, ẹ kọ ọ́ sára káàdì, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tó ń lọ bá ẹ́dítọ̀ tó máa nà án padà, kí ẹ tún pè é lórí fóònù. Láti ayé kásẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń ya fíìmù, mi ò tíì rí ẹ́dítọ̀ tó ń dífá.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn fi anamorphic ya ìran ìgbéyàwó, ó fi lẹ́ńsì lásán ya ìyókù, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá òṣèré tó ṣe ìyàwó rí i, ó pe ọmọ rẹ̀ láago pé àìsàn wo ló ṣe é tó fi rù tó báyìí. Ọkùnrin yìí wá sáré lọ bá ọmọ kan tó gbọ́ níbì kan pé 2 ni anamorphic, tó sì na gbogbo fíìmù náà ní 2, àti èyí tí wọn ò fún rárá. Gèlè ìyàwó fẹ̀ bí òrùlé. Bọ́ọ̀sì tó gbé àlejò wá gùn bíi rélùwéè. Kí àyè lè wà nínú dúráìfù, ọmọ náà ti pa ojúlówó rẹ́.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń dá a padà, ìran kan lẹ́yìn òmíràn. Nígbà tó wá gbà á, ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́ dúpẹ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èló ni wọ́n ń ta onílọ́po 2 yẹn?"