Scan cycle: bí PLC ṣe ń yí po, àti ohun tó máa ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́

Ẹnjiníà tó ti ń fi ladder (èdè aláwòrán tí wọ́n fi ń kọ ètò PLC) ṣiṣẹ́ fún ọdún díẹ̀ láwọn ilé iṣẹ́ Olúyọ̀lé, tó wá ń wá ẹ̀kọ́ ìpele gíga lórí PLC, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni Structured Text (èdè tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ kọ ètò), tàbí bí wọ́n ṣe ń so ẹ̀rọ mọ́ra lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìyẹn dáa. Àmọ́ bí scan cycle kò bá tíì yé èèyàn délẹ̀, gbogbo èyí tó kù á máa mẹ́hẹ. Sensọ̀ tí nǹkan kan kò ṣe ni wọ́n á máa pààrọ̀ nígbà tó jẹ́ pé inú ètò (program) ni àléébù wà.

PLC ni kọ̀ǹpútà inú panẹ́ẹ̀lì tó ń sọ fún mọ́tò, fáàfù àti iná ìkìlọ̀ ohun tí wọ́n máa ṣe. Lọ́dún 1968 ni General Motors ní Amẹ́ríkà ń wá ohun tó máa gbapò relay (swíìṣì tí iná ń tan) rẹpẹtẹ tó kún inú panẹ́ẹ̀lì wọn. Dick Morley àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Bedford Associates ló ṣe Modicon 084. Torí pé àwọn oníná tó mọ relay ló máa lò ó, wọ́n jẹ́ kí ètò rẹ̀ jọ àwòrán wáyà relay. Bí ladder ṣe wáyé nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni ìṣìnà ti ń wọlé. Nínú wáyà relay, gbogbo ẹ̀ka ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú PLC, ìlà kan ló ń tẹ̀lé òmíràn, láti òkè wá sísàlẹ̀.

Scan cycle ni ìyípo kan gbáko. PLC á wo gbogbo input (àmì tó ń wọlé látọ̀dọ̀ sensọ̀ àti bọ́tìnnì), á sì da ipò tí wọ́n wà kọ sínú mẹ́mórì, bí ẹni ya fọ́tò. Ẹ̀dà yìí ni wọ́n ń pè ní process image. Òun ni ètò á máa wò látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kì í ṣe sensọ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí ètò bá pinnu náà á kọ́kọ́ dúró sí mẹ́mórì. Ìgbà tí ìlà ìkẹyìn bá parí ló tó ń jáde sí output (ojú ibi tí àṣẹ ń gbà lọ sí mọ́tò tàbí fáàfù). Lẹ́yìn náà á yẹ ara rẹ̀ wò, á dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì lóhùn, á tún bẹ̀rẹ̀. S7-1200, PLC tí Siemens ṣe, máa ń gbé output jáde kó tó ka input, àmọ́ ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ já sí. Ìyípo kan lè gba ms mélòó kan, ó sì lè gba 30 ms tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ms 1,000 ló wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Àléébù àkọ́kọ́: ohunkóhun tó bá dé, tó sì lọ láàárín ẹ̀dà méjì, PLC kò mọ̀ pé ó wáyé rárá. Ẹ jẹ́ ká mú ilé iṣẹ́ tó ń rọ omi sínú ìgò. Bẹ́líìtì ń sáré mítà 1 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, photocell (sensọ̀ tó ń lo ìmọ́lẹ̀) sì ń wo ọrùn ìgò tó fẹ̀ tó mm 28. Á jẹ́ pé ms 28 péré ni input fi máa wà lórí. Bí scan bá jẹ́ 12 ms, ó kéré tán ìyípo méjì á rí i. Wàyí o, ẹnì kan fi ètò ìjábọ̀ kún un, scan wá di 35 ms. Nínú ìgò 5, bí 1 á máa kọjá láìkà. Wọ́n á nu photocell, wọ́n á pààrọ̀ wáyà, kò ní yàtọ̀. Ẹ má sì ronú pé kí ẹ sún photocell wálẹ̀ sí ikùn ìgò tó fẹ̀: ìgò máa ń fara kan ara wọn níkùn, àlàfo kò ní sí mọ́.

Oògùn rẹ̀ ni pé kí ẹ tan pulse catch fún input yẹn, kí ó di àmì náà mú títí scan tó ń bọ̀ á fi rí i, tàbí kí ẹ lo hardware interrupt, níbi tí input fúnra rẹ̀ ti ń pe apá ètò kan tó ń jẹ́ OB40, tí kì í dúró de ìyípo. Bí ẹ bá fẹ́ ka input nínú interrupt, ẹ kọ ọ́ ní I0.0:P (I0.0 ni orúkọ input náà); láìsí :P yẹn, ẹ̀dà àtijọ́ lẹ ń kà.

Ti encoder, ẹ̀rọ tó ń fi àmì kéékèèké (pulse) sọ bí mọ́tò ṣe yí tó, tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Encoder tó ń fúnni ní pulse 1,000 ní yíyí kan, lórí mọ́tò tó ń yí ìgbà 300 ní ìṣẹ́jú kan, pulse 5,000 ló ń rán wá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Counter lásán, tó ń ka iye nínú ètò, kò lè bá a. High-speed counter ló wà fún un, torí kì í dúró de scan. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni asẹ́ input (input filter): 6.4 ms ni S7-1200 fi máa ń wá láti ilé iṣẹ́, ìyẹn á sì sẹ́ gbogbo pulse náà dànù, counter á dúró sí òdo. Ẹ gbé e wálẹ̀ sí 0.05 ms.

Àléébù kejì: kí ìlà méjì máa kọ sí output kan náà. Ìlà kẹta ní kí Q0.0, output mọ́tò, tàn, ìlà ogún ní kó kú. Lójú kọ̀ǹpútà, ìlà kẹta ń tàn yòò, mọ́tò kò sì mira. Èyí tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ló ń jáde. Ẹ fi àṣẹ ìdarí afọwọ́ṣe (manual) sí M10.0, ti aládàáṣe (auto) sí M10.1, tí wọ́n jẹ́ bit inú mẹ́mórì, kí ìlà kan ṣoṣo wá kó méjèèjì lọ sí Q0.0.

Ẹni tó wá láti èdè kọ̀ǹpútà mìíràn lè kọ WHILE sínú Structured Text, kó ní kó dúró títí sensọ̀ á fi tàn. Kò ní tàn láé, torí ẹ̀dà input kì í yí padà láàárín scan. Watchdog, aago tó ń ṣọ́ kí scan má pẹ́ jù, tó jẹ́ 150 ms lórí S7-1200 bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án, á pe, CPU á sì bọ́ sí STOP. Kíkọ 500 síbẹ̀ kò wo nǹkan kan sàn.

Ọ̀rọ̀ iná gba àkíyèsí gidigidi nílùú wa. Bí wọ́n bá mú iná, tí jẹnẹrétọ̀ sì gbé e, PLC á bẹ̀rẹ̀ láti scan àkọ́kọ́. Bit tí wọ́n fi àṣẹ Set tàn, tí wọ́n sì sọ di retentive (èyí tí kì í gbàgbé ipò rẹ̀ bí iná bá lọ), á ṣì wà lórí: mọ́tò á ta lójijì, ọwọ́ òṣìṣẹ́ sì lè wà nínú rẹ̀. Ẹ lo ìdìmú start àti stop (start á di ara rẹ̀ mú lórí títí stop á fi já a) tí kì í ṣe retentive, kí stop jẹ́ èyí tó ń gé iná bí wáyà rẹ̀ bá já. Bọ́tìnnì pàjáwìrì ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ gba inú safety relay (relay tí wọ́n ṣe fún ààbò) kọjá, kó gé agbára mọ́tò ní tààrà láìdúró de scan kankan.

Kí ẹ tó fi ẹ̀rọ sílẹ̀, nínú sọ́fítíwià Siemens tí ẹ fi ń kọ ètò, ẹ ṣí Online & diagnostics, ẹ wo Cycle time. Iye tó gùn jù ni kí ẹ fi ṣírò bóyá scan á rí àmì input yín.

Ẹni tí kò ní PLC lọ́wọ́ lè fi sọ́fítíwià CODESYS dánra wò lórí láptọ́ọ̀pù. Ọ̀fẹ́ ni, Control Win (PLC tó ń ṣiṣẹ́ nínú láptọ́ọ̀pù) tó bá a wá sì ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 2 kẹ́ ẹ tó tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹ dá task (apá ètò tó ń tún ara rẹ̀ ṣe lẹ́yìn àkókò kan) 5 ms sílẹ̀ tó ń tan àmì fún 10 ms, tó sì ń pa á fún 200 ms. Ẹ fi R_TRIG (tó ń mọ ìgbà tí àmì ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn) àti counter sínú task kejì tó jẹ́ 20 ms. Bí ìdajì àmì náà ló máa kà. Ẹ wá yí task kejì sí 5 ms, kí ẹ tún ka.