Nirvana kò pa ẹnikẹ́ni ní oṣù kìíní ọdún 1992

Bí àríyànjiyàn bá ti bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tó ni ẹ̀wádún 1990, kì í pẹ́ rárá kí ẹnìkan tó gbé ìtàn yìí kalẹ̀. Á ní jálẹ̀ ẹ̀wádún 1980, àwọn ọkùnrin onírun gígùn tó ń kun ètè, tí wọ́n ń wọ ṣòkòtò awọ tó fún mọ́ra, ló gba orí MTV kan. Àfi bí àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta ṣe ti ìpínlẹ̀ Washington yọ lójijì, tàwọn tẹ̀wù gbígbó lọ́rùn, tí wọ́n gbé àwo kan jáde, tí wọ́n sì ti Michael Jackson kúrò ní ipò kìíní lórí àtẹ Billboard, ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà tó ń to àwọn àwo tó ń tà jù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì máa fi mọ́, onírun gígùn ti pòórá. Nirvana ló ni ẹ̀wádún. Ó parí.

Ìtàn náà dùn ún gbọ́, ìdí nìyẹn tí kò fi kú. Kò sẹ́ni tó ń bá Nirvana du orúkọ tí wọ́n ní. Ẹni tó bá ní etí kò nílò àlàyé lórí ìyẹn, n kò sì ní fi àkókò yín ṣòfò lé e lórí. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àtẹ Billboard gan-an ni àwọn onítàn yìí máa ń fi ṣe ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n kà nínú rẹ̀.

Òótọ́ ni pé lórí àtẹ tó ní déètì 11 oṣù kìíní 1992, Nevermind, àwo Nirvana, wà nípò kìíní, Dangerous tí Michael Jackson ṣe sì ti bọ́ sílẹ̀. Ẹ wá ṣí ojú ewé tó tẹ̀ lé e. Lọ́sẹ̀ kejì, Garth Brooks, olórin kọ́ńtírì ará Oklahoma tí fìlà ńlá kì í kúrò lórí rẹ̀, ti gba ipò náà, Ropin' the Wind ló fi gbà á. Àwo yẹn kì í ṣe tuntun. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún tó ṣáájú ló ti ń lọ tó ń bọ̀ níbẹ̀. Nevermind padà sókè lórí àtẹ ọjọ́ kìíní oṣù kejì, ó lo ọ̀sẹ̀ kan, Brooks sì tún gbà á lọ́wọ́ wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni gbogbo ohun tí Nevermind lò lókè. Ropin' the Wind lo ọ̀sẹ̀ 18. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó bi Michael Jackson ṣubú ló ni ẹ̀wádún, kí la wá fẹ́ pe ẹni tó bi Nirvana ṣubú lẹ́ẹ̀mejì?

Mo mọ̀, ọ̀rọ̀ rọ́ọ̀kì la ń sọ, Brooks kò sí nínú ẹjọ́ yìí. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká dúró sórí rọ́ọ̀kì. Ní oṣù kẹrin ọdún 1992 kan náà, Def Leppard, àwọn ará Sheffield tí irun wọn kò kúrú rárá, gbé àwo wọn Adrenalize wọlé tààrà sípò kìíní ní Amẹ́ríkà, ó sì lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún níbẹ̀. Òkú tó jókòó sórí àga fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, irú òkú wo nìyẹn? Lọ́dún 1993, Aerosmith, tí wọ́n ti ń kọrin láti ọdún 1970, wọlé sípò kìíní bákan náà, Get a Grip ni wọ́n gbé dé. Nevermind fúnra rẹ̀ kò sì dé bí ìjì. Nígbà tó kọ́kọ́ yọjú lórí àtẹ ní oṣù kẹwàá 1991, ipò 144 ló wà. Nǹkan bí 46,000 ẹ̀dà ni ilé iṣẹ́ tó gbé e jáde kọ́kọ́ kó sí ìgboro Amẹ́ríkà, torí wọn ò retí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù mẹ́ta ló fi gun òkè.

Ohun kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀ nínú gbogbo awuyewuye yìí, ìdí rẹ̀ sì ni mo fẹ́ jókòó tì. Lọ́dún 1991, wọ́n yí ọ̀nà tí wọ́n fi ń ka àwo padà.

Ṣáájú ìgbà náà, Billboard kò mọ iye ẹ̀dà tí wọ́n ń tà. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á béèrè lọ́wọ́ àwọn ṣọ́ọ̀bù àwo kárí Amẹ́ríkà pé èwo ló ń tà jù, èwo ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó wà nídìí káńtà ló ń dáhùn. Kì í sọ iye. Ipò ló ń tò, bó ṣe rántí tàbí bó ṣe wù ú. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń fojú tín-ínrín orin kọ́ńtírì, tàbí tó gbà pé ariwo ọmọdé lásán ni rápù, ẹ̀yin náà mọ bí ìdáhùn rẹ̀ ṣe máa rí. Àwọn aṣojú ilé iṣẹ́ àwo kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Wọ́n mọ ṣọ́ọ̀bù tí Billboard ń bi léèrè, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń fi àwo ọ̀fẹ́ àti tíkẹ́ẹ̀tì kí èèyàn. Orí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa ẹni tó wà nípò kìíní ní ẹ̀wádún 1960, 1970 àti 1980.

Àwọn ọkùnrin méjì kan, Mike Fine àti Mike Shalett, ló gbé SoundScan kalẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò lọ́jú: bí òǹtajà bá ti fi ẹ̀rọ ka bákóòdù tó wà lẹ́yìn àwo, ọ̀kan ti wọlé sí àkọsílẹ̀ àwo náà. Ẹ̀rọ kò bi ẹnikẹ́ni ní èrò ọkàn rẹ̀. Láti orí àtẹ 25 oṣù karùn-ún 1991 ni Billboard ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àkọsílẹ̀ SoundScan to àwo. Ẹ fi déètì yẹn sọ́kàn. Ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni Nevermind jáde, oṣù mẹ́rin géérégé lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín. Láti ẹ̀wádún 1950 tí àtẹ àwo ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ti wà títí di ìgbà yẹn, àwo mẹ́fà péré ló tíì wọlé tààrà sípò kìíní lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀. Elton John ló kọ́kọ́ ṣe é lọ́dún 1975, ó sì tún un ṣe kí ọdún náà tó parí. Stevie Wonder, Bruce Springsteen, Whitney Houston àti Michael Jackson ló ṣe mẹ́rin tó kù. Nǹkan bí ọdún 35, mẹ́fà. Wọ́n wá yí ọ̀nà ìkà padà, kí oṣù márùn-ún sì tó pé, Skid Row ti wọlé tààrà, Van Halen ti wọlé tààrà, Metallica ti wọlé tààrà, Garth Brooks náà ti wọlé tààrà, Guns N' Roses sì ti gba ipò kìíní àti ìkejì pọ̀ lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, àwo méjì tí wọ́n gbé jáde lọ́jọ́ kan náà ni. N.W.A ẹlẹ́gbẹ́ rápù wọlé sípò kejì, ó sì gun òkè lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ṣé àwọn ará Amẹ́ríkà ṣàdédé fẹ́ràn orin líle ní oṣù kẹfà 1991 ni? Rárá o. Òṣùwọ̀n ni wọ́n pààrọ̀, ọjà kò yí padà. Àwọn tó ń ra àwo wọ̀nyẹn ti wà níbẹ̀ tipẹ́, kò kàn sẹ́ni tó kà wọ́n bó ṣe yẹ ni.

Ẹ tún orúkọ àkọ́kọ́ yẹn kà. Skid Row, àwọn ọmọ New Jersey, tí irun Sebastian Bach olórin wọn gùn dé àyà. Irú ẹgbẹ́ tí wọ́n ní Nirvana pa gan-an nìyẹn. Àwọn sì ni òṣùwọ̀n tuntun kọ́kọ́ gbé wọlé tààrà sípò kìíní! Ìyípadà tí gbogbo èèyàn ń kà sí ti oṣù kìíní 1992 ti ṣẹlẹ̀ ní oṣù karùn-ún 1991, ní ọ́fíìsì, lọ́wọ́ àwọn oníṣirò, láìsí gìtá kankan níbẹ̀.

Àwọn alágídí máa ń bi mí níbí pé: bí òṣùwọ̀n tuntun bá ṣe onírun gígùn lóore, kí ló dé tí wọ́n fi rọlẹ̀ láàárín ọdún méjì? Ìbéèrè gidi ni, n kò sì ní ìdáhùn kan ṣoṣo fún un. Ó jọ pé òṣùwọ̀n kan náà ló tú àṣírí wọn. Skid Row wọlé sípò kìíní, ọ̀sẹ̀ kan péré ló lò níbẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ tòótọ́ sáré rà á, ẹlòmíràn kò tẹ̀ lé wọn. Ilé iṣẹ́ àwo wá ń rí èyí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò tún sí ẹni nídìí káńtà tó máa bò wọ́n láṣìírí. Ìjà abẹ́lé náà sì wà nínú àwọn ẹgbẹ́ onírun gígùn. C.C. DeVille ti kúrò ní Poison lọ́dún 1991. Izzy Stradlin fi Guns N' Roses sílẹ̀ ní ìparí ọdún yẹn. Vince Neil àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Mötley Crüe, pínyà ní oṣù kejì 1992. Ẹ lè wá ọwọ́ Kurt Cobain, olórin Nirvana, nínú ìjà àwọn wọ̀nyí bó bá wù yín. (Ní ti irun, Metallica fọwọ́ ara wọn gé tiwọn kí Load tó jáde lọ́dún 1996. Àwo náà wọlé sípò kìíní bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀.)

Ta ló wá ni ẹ̀wádún 1990? Ó dá lórí ohun tí ẹ bá fi ń wọ̀n ọ́n. Bó bá jẹ́ iye ẹ̀dà tó kọjá ní káńtà ní Amẹ́ríkà, Metallica ni, àwo dúdú wọn tó jáde ní oṣù kẹjọ 1991: nígbà tó fi máa di ọdún 2014, SoundScan ti ka ju mílíọ̀nù 16 lọ fún un, kò sì sí àwo mìíràn tó tà tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ kà á. Hootie & the Blowfish náà wà ńbẹ̀, àwo wọn ló tà jù ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1995, síbẹ̀ n kò tíì rí ẹni tó ń gbé ìjà wọn jà. Ní Britain ẹ̀wẹ̀, ìjà mìíràn pátápátá ni: ní oṣù kẹjọ 1995, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì méjì, Blur àti Oasis, gbé orin kọ̀ọ̀kan jáde lọ́jọ́ kan náà, Blur ló borí lọ́sẹ̀ náà, ó ta 274,000, Oasis ta 216,000. Lọ́dún kejì, Oasis ló kó 250,000 èèyàn jọ sí Knebworth ní England lálẹ́ méjì. Ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ kan péré dájọ́, Blur ni yóò fún ní ife-ẹ̀yẹ, ó sì lè má jẹ̀bi, àmọ́ àwọn tó wà ní Knebworth kò ní gbà fún un.

Bí ẹ bá fi dandan lé e pé kí n dárúkọ ẹnìkan, n kò ní bínú sí ẹni tó bá ní Nirvana. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn ló yí ohun tí ilé iṣẹ́ àwo ń wá padà, ìyẹn sì lè wúwo ju ipò kìíní lọ. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Pearl Jam gbé àwo wọn Ten jáde ṣáájú Nevermind pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, láti ìpínlẹ̀ kan náà. Nítorí náà, bóyá Nirvana, bóyá ìlú Seattle ní ìpínlẹ̀ Washington lápapọ̀, bóyá ẹ̀rọ bákóòdù.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún ni ìtàn onígbà-kan-pa-ìgbà-kan. Irú rẹ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ nípa pọ́ńkì, irú orin rọ́ọ̀kì kan, pé lọ́dún 1977 ló sin àwọn ẹgbẹ́ bíi Pink Floyd. The Wall, àwo Pink Floyd, jáde ní oṣù kọkànlá 1979, ọ̀sẹ̀ 15 ló sì lò nípò kìíní ní Amẹ́ríkà. Ẹ ṣọ́ra fún àtòkọ tí ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 15 lásìkò náà bá kọ. Ọmọ ọdún 15 ló ṣì ń kọ ọ́. Ẹ má ṣe fi àtẹ tó wà ṣáájú oṣù karùn-ún 1991 wé èyí tó tẹ̀ lé e bí ẹni pé ohun kan náà ni.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ mílíọ̀nù. Ní ẹ̀wádún 1990, iye tó kọjá ní káńtà ni SoundScan ń kà. RIAA, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ àwo Amẹ́ríkà tó ń fúnni ní àmì wúrà àti platinum, iye tí ilé iṣẹ́ kó ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń kà nígbà náà, wọ́n sì lè ka àwo tó bá jẹ́ CD méjì lẹ́ẹ̀mejì. CD méjì ni Mellon Collie and the Infinite Sadness tí Smashing Pumpkins gbé jáde lọ́dún 1995, àmì mílíọ̀nù mẹ́wàá ló sì wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá fi iye yẹn jà fún wọn, ẹ ní kó kọ́kọ́ pín in sí méjì.