Áàpù tó ń tọ́jú páásíwọ́ọ̀dù: ta ló lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀?

Láàárín àwa tí à ń fi kọ̀ǹpútà àti fóònù jẹun ní Ìkòròdú, láti Sábó títí dé Odógunyàn níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LASUSTECH pọ̀ sí, ìgbàgbọ́ kan wà tó ti ta gbòǹgbò. Wọ́n ní ẹni tó bá kó gbogbo páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sínú áàpù bíi Bitwarden tàbí 1Password, tó tún wá ń gba inú bráúsà wọlé sí i, ó ti kó àṣírí ara rẹ̀ fún àwọn tó ni áàpù náà. "Ẹ̀gbọ́n, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, wọ́n ń rí i." Báyìí ni àbúrò kan tó ń ṣe POS lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Sábó ṣe sọ ọ́ fún mi, ó sì dá a lójú. Ìwé nóòtù kan wà lórí tábìlì rẹ̀, ẹ̀yìn ìwé náà ló kọ páásíwọ́ọ̀dù ìmeèlì rẹ̀, ti Facebook àti PIN ẹ̀rọ POS sí, gàdàgbà gadagba. Ẹnikẹ́ni tó bá dúró gbowó lè kà á.

Mi ò dá a lẹ́bi. Gbogbo wa la mọ ẹnì kan tí wọ́n pè pé báǹkì ló ń pè é, tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn gba OTP lọ́wọ́ rẹ̀, tí owó rẹ̀ sì fò lọ. Ẹni tó bá ti rí irú ìyẹn, ó yẹ kó máa fura. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀rù ti ń bà wá kọ́ ni ewu wà. A fi ètè sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìgbàgbọ́ yìí ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn wa máa lo páásíwọ́ọ̀dù kan náà, orúkọ ọmọ pẹ̀lú ọdún ìbí, fún gbogbo nǹkan tí wọ́n ní. Tí ọ̀kan bá ti jò sọ́wọ́ olè, gbogbo ìyókù ti tẹ̀ lé e nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nígbà tí ẹ bá ṣí vault.bitwarden.com nínú Chrome tàbí Firefox, tí ẹ tẹ ìmeèlì yín àti páásíwọ́ọ̀dù àgbà, ìyẹn ẹyọ kan ṣoṣo tó ń ṣí gbogbo ìyókù. Ọ̀pọ̀ rò pé páásíwọ́ọ̀dù yẹn á gbéra bó ṣe rí, á lọ bá ilé iṣẹ́ náà, wọn á sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bá èyí tó wà lọ́dọ̀ wọn mu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà tó wà níwájú yín ni bráúsà ti máa da páásíwọ́ọ̀dù náà pọ̀ mọ́ ìmeèlì yín, tí á sì lọ̀ wọ́n ní àlọ̀túnlọ̀, ìyẹn ni pé á fi ìṣirò sọ wọ́n di nǹkan mìíràn léraléra. Fún àkọ́ọ̀ǹtì Bitwarden tuntun, láti ọdún 2023, ìgbà 600,000 ló ń lọ̀ ọ́ bí ẹ kò bá yí ètò rẹ̀ padà. Ẹ̀yin kò ní mọ̀ ọ́n lára, kò pẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n olè tó bá fẹ́ máa méfò, ó di dandan kó lọ ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ́ dán wò ní ìgbà 600,000. Ibẹ̀ ni agara ti máa dá a.

Ohun tó ti ibi lílọ̀ náà jáde ni kọ́kọ́rọ́, kọ́kọ́rọ́ yìí kì í sì kúrò lọ́dọ̀ yín. Bráúsà tún máa lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, àbájáde ìyẹn nìkan ló ń fi ránṣẹ́ sí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ náà, láti fi hàn pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ wọlé. Èèyàn kò lè ti ara ohun tó fi ránṣẹ́ yìí padà sí kọ́kọ́rọ́, àfi kó bẹ̀rẹ̀ sí í méfò láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni sáfà á wá kó àpótí yín, ìyẹn ibi tí gbogbo páásíwọ́ọ̀dù yín wà, wá ní àdììtú, tí wọ́n fi AES oní-256-bit, ìlànà ìṣirò tó ń sọ ọ̀rọ̀ di àdììtú, dì, inú bráúsà yín ni wọ́n á sì ti tú u. Bí ẹni tó ti àpótí pa ní Ìkòròdú ló rí, tó fi sínú ọkọ̀ ojú omi ní èbúté kí wọ́n bá a gbé e lọ sí Èkó, tí kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò rẹ̀. Awakọ̀ náà mọ̀ pé àpótí wà, ó lè mọ bó ṣe wúwo tó, kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọdún 2022 jẹ́ ká rí i bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa ń rí lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́. Àwọn olè wọ LastPass, tóun náà ń bá èèyàn tọ́jú páásíwọ́ọ̀dù, wọ́n sì kó ẹ̀dà àpótí àwọn oníbàárà lọ. Oṣù kejìlá ọdún náà ni ilé iṣẹ́ náà tó sọ bó ṣe le tó. Bó bá jẹ́ pé bí àbúrò mi ṣe rò ló rí, gbogbo páásíwọ́ọ̀dù ì bá ti wà nílẹ̀ gbalasa fún kíkà. Àdììtú ni wọ́n bá. Àmọ́ mi ò ní bo apá tó burú mọ́lẹ̀. LastPass kò di àdírẹ́sì àwọn ìkànnì tó wà nínú àpótí, nítorí náà olè lè mọ báǹkì tí ẹnì kan ń lò bí kò tilẹ̀ mọ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Àwọn àkọ́ọ̀ǹtì àtijọ́ kan tún wà tí iye ìgbà tí wọ́n ń lọ̀ ọ́ kéré jọjọ. Ẹni tó ní irú ìyẹn, tí páásíwọ́ọ̀dù àgbà rẹ̀ tún kúrú, olè lè fi kọ̀ǹpútà alágbára méfò tirẹ̀ títí tí yóò fi bọ́ sí i.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ yín pé kí páásíwọ́ọ̀dù àgbà yín gùn. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò bára wọn tan, tí ẹ tò pọ̀, sàn ju "Bola1985" lọ fíìfíì. Ẹ má lo òwe tàbí ẹsẹ Bíbélì tí gbogbo ayé mọ̀, àwọn olè máa ń dán wọn wò. 1Password tilẹ̀ fi nǹkan kan kún un tó wù mí: kóòdù gígùn tí wọ́n ń pè ní Secret Key, èyí tí ẹ̀rọ yín fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá, tí kò sì sí lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá wọlé láti inú bráúsà tuntun, ẹ máa tẹ òun náà.

Ibo wá ni ewu wà? Ó wà níbi tí ẹ ti ń tẹ páásíwọ́ọ̀dù àgbà, kí lílọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, àwọn kan sanwó ìpolówó lórí Google, wọ́n fi gbé ojú ewé ayédèrú Bitwarden sí òkè èsì ìwákiri. Ẹni tó bá wá orúkọ náà, tó sì tẹ ohun àkọ́kọ́ tó rí, ọwọ́ olè ló fi páásíwọ́ọ̀dù àgbà lé. Ojú ewé ayédèrú náà jọ tòótọ́ gan-an. Àmì àgádágodo tí ọ̀pọ̀ ń wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì kò lè gba èèyàn lọ́wọ́ èyí. Ohun tó ń sọ ni pé ẹlòmíì kò lè gbọ́ ohun tí ẹ ń bá ìkànnì náà sọ lójú ọ̀nà, kò sọ pé ẹni rere ló ni ìkànnì náà. Chrome yọ àmì yẹn kúrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 nítorí pé àwọn èèyàn ń ṣì í lóye.

Àdírẹ́sì gan-an ni kí ẹ kà. Ẹ fojú sí ".com" tó parí orúkọ ìkànnì náà, kí ẹ wo ọ̀rọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn lápá òsì. Nínú vault.bitwarden.com, Bitwarden ló ni ín. Tó bá jẹ́ bitwarden.example.com, ẹni tó ni example.com ló ni ín, "bitwarden" tó wà níwájú kò já mọ́ nǹkan kan. Bí ẹ bá ti fi extension áàpù náà, ìyẹn ẹ̀ka rẹ̀ kékeré tó ń ṣiṣẹ́ nínú bráúsà, sínú bráúsà yín, ó ń bá yín ṣe àyẹ̀wò yìí fún àwọn ìkànnì yòókù: orúkọ tó bá fi lẹ́tà kan péré yàtọ̀, kò ní mú páásíwọ́ọ̀dù kankan wá. Tí ẹ bá dé ojú ewé báǹkì yín tí kò mú nǹkan kan wá, ẹ má sáré dà á kọ. Ẹ dúró, ẹ wo òkè. Ṣùgbọ́n ojú ewé tí ẹ ti ń fọwọ́ ara yín tẹ páásíwọ́ọ̀dù àgbà, kò sẹ́ni tó ń bá yín ṣọ́ ọ. Ẹ tọ́jú àdírẹ́sì rẹ̀ sínú bráúsà, kí ẹ máa ti ibẹ̀ ṣí i, ẹ yéé wá a lórí Google.

Ewu kejì ni kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà. Lásìkò tí àwọn ọmọ ń forúkọ sílẹ̀ fún JAMB, kafé máa ń kún, kálukú á jókòó sídìí ẹ̀rọ tí kò mọ ẹni tó lò ó ṣáájú. Wọ́n á ní, "Mo ṣí Incognito, kò séwu." Incognito kàn ń pa ìtàn ibi tí ẹ lọ rẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá tì í ni. Bí ohun tó ń ka bọ́tìnnì tí ẹ ń tẹ̀ bá wà nínú ẹ̀rọ náà, ó ti ka páásíwọ́ọ̀dù yín tán. Ẹ má ṣí odidi àpótí níbẹ̀ láéláé. Ẹ wo ẹyọ páásíwọ́ọ̀dù tí ẹ nílò lórí fóònù yín, kí ẹ tẹ ìyẹn nìkan, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ tí ẹ bá délé.

Ìgbàgbọ́ tí mo ń tako yìí ní ẹyọ òótọ́ kan nínú. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí ojú ewé náà, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ni kóòdù tó ń ṣe lílọ̀, ìyẹn àwọn àṣẹ tí bráúsà ń tẹ̀ lé, ti ń wá. Bí ẹni ibi bá gba sáfà wọn, ó lè fi kóòdù búburú ránṣẹ́. Áàpù orí fóònù tàbí extension sàn díẹ̀ níbi èyí, torí wọn kì í wá lọ́tun ní gbogbo ìgbà. Bitwarden gbé kóòdù rẹ̀ síta fún gbogbo èèyàn láti yẹ̀ wò, ìdí kan tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Ibi ìtọ́jú páásíwọ́ọ̀dù ti Google tó wà nínú Chrome tún yàtọ̀: Google ló ń bá yín tọ́jú kọ́kọ́rọ́ náà, àyàfi tí ẹ bá yí ètò rẹ̀ padà.

Nítorí pé kọ́kọ́rọ́ kò sí lọ́dọ̀ Bitwarden, bí ẹ bá gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù àgbà, kò sí ẹni tí ẹ lè pè níbẹ̀ tó lè bá yín ṣí i. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ fi sí ibi tí ẹ ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ yín sí, kì í ṣe ẹ̀yìn ìwé nóòtù orí tábìlì. Àwọn tó ń sanwó fún Bitwarden tún lè yan ẹnì kan tó lè bá wọn ṣí àpótí náà bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí wọn, ṣùgbọ́n ìgbà tí ara bá ṣì le ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti ṣètò rẹ̀.