Ìbọn Ọlọ́dà: Bí Ẹ Ṣe Gbé E Lẹ́jọ́ Wà

"Ẹ̀gbọ́n mi fi ìbọn paintball, ìbọn eré tó ń yin ọta ọlọ́dà, ránṣẹ́ láti Faransé. Ọ̀dà lásán ló ń yọ. Ṣé mo lè gbé e lọ sí Kétu?" Bí ọlidé bá ti ń bọ̀, irú ìbéèrè yìí máa ń dé ọ́fíìsì wa l'Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin.

Lóòótọ́, kò ní ẹ̀tù. Gáàsì tàbí afẹ́fẹ́ tí wọ́n há mọ́ inú sìlíńdà ló ń ti ọta jáde. Àmọ́ ọta náà lè sáré tó mítà 90 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá ba ojú tí kò ní ìbòjú, ó lè fọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí Faransé fi kà á mọ́ ohun ìjà ẹ̀ka D, bí agbára tó fi ń ti ọta jáde bá wà láàárín júùlù (òṣùwọ̀n agbára) 2 sí 20. Wọn kì í tà á fún ọmọ tí kò pé ọdún 18, ẹni tó sì rà á kò gbọdọ̀ gbé e kiri láìsí ìdí gúnmọ́. Lílọ sí pápá eré jẹ́ ìdí. Yíya fọ́tò létí títì kọ́. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó gbé ayédèrú ìbọn, ìyẹn ohun tó jọ ìbọn, jáde ní gbangba láìnídìí ti rú òfin, bí kò tilẹ̀ yìn ín.

Ọ̀dọ̀ wa ńkọ́? Ẹ má gbọ́kàn lé "ohun ìṣeré ni". Láti ìparí 2021 tí àwọn agbésùnmọ̀mí ti ń ṣọṣẹ́ ní àríwá Benin, ojú ọlọ́pàá kò kúrò lára ìbọn mọ́. Ká ní ọlọ́pàá tó dúró lójú ọ̀nà Kétu sí Ìlárá rí irin dúdú gígùn kan léjìká yín lórí sémíjàn (ọ̀kadà). Ṣé ẹ rò pé á kọ́kọ́ bèèrè bóyá ọ̀dà ló wà nínú rẹ̀? (Ọdẹ Ṣábẹ̀ẹ́ tó gbé ṣakabùlà lọ oko, ará abúlé mọ̀ ọ́n. Ta ló mọ̀ yín?) Bí ẹnì kan bá sì na ìbọn ọlọ́dà síni láti gbowó, kó má retí pé adájọ́ á torí ọ̀dà dá a sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ yọ sìlíńdà, ẹ tú gbogbo ọta kúrò, ẹ dí ẹnu rẹ̀, kí ẹ kó o sínú báàgì tí a kò lè rí inú rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi rà á kò gbọdọ̀ jìnnà. Bí wọ́n bá dá yín dúró, ẹ sọ ohun tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bèèrè, kí ẹ má sì fọwọ́ ara yín yọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ọlọ́pàá ṣí báàgì náà. Èyí tó ṣì wà lókè òkun, ẹ kọ́kọ́ lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè ná, kí ẹ̀gbọ́n tó dì í sínú ẹrù.