Ìgbà wo ló yẹ kí ọmọ bọ́ pámpásì sílẹ̀?

Bí ọmọ bá ti ń sún mọ́ ọdún méjì, kálukú ló máa ń ní ohun tó fẹ́ wí. Ìyá ọkọ á ní ó ti pẹ́ jù, nọ́ọ̀sì á ní kí ẹ fara balẹ̀, ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi á sì ní àwọn ò gba ọmọ tó ṣì ń wọ pámpásì. Díẹ̀ nìyí lára àwọn ìbéèrè tó máa ń rú òbí lójú.

Ìyá ọkọ mi sọ pé kò sí ọ̀kan nínú ọmọ àwọn tó pé ọdún kan tó ṣì ń yàgbẹ́ sára. Tèmi ti lé lọ́dún méjì. Ṣé Màmá ń bù mọ́ ọn ni, àbí ọmọ mi ló ní ìṣòro?

Màmá ò bù mọ́ ọn, ọmọ yín náà ò sì ní ìṣòro. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹni tó bá gbé agboolé rí á rántí bí àwọn ìyá ṣe máa ń ṣe é. Bí ọmọ bá jí láàárọ̀, tàbí tó bá mu ọmú tán, ìyá á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, á gbé ọmọ lé ojúgun kí ìdí rẹ̀ lè bọ́ sí àlàfo àárín ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ ìtọ̀ ni, á máa ṣe "ṣìì, ṣìì" sí i létí, títí ọmọ á fi mọ ìró yẹn mọ́ ìtọ̀. Ìyá mọ àkókò, ó mọ ojú tí ọmọ máa ń ṣe bí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n ọ́n, torí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ wà láti òwúrọ̀ dalẹ́. Kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní 1977, àwọn olùwádìí kan kọ nípa àwọn Digo ní Kenya: ọmọ kì í ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí ìyá á ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sípò, nígbà tó bá sì fi máa pé oṣù 5 sí 6, kì í fi bẹ́ẹ̀ tọ̀ sára mọ́, lọ́sàn-án tàbí lóru.

Ta ló wá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Ìyá ni. Ọmọ oṣù mẹ́fà ò lè dìde, kó wá póò lọ, kó bọ́ pátá. Ẹ gbé e fún ẹni tí kò mọ ojú rẹ̀ ní wákàtí méjì péré, ara rẹ̀ á ti tutù. Ohun tí ilé ìwé àti dókítà ń sọ yàtọ̀: kí ọmọ fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ó ń bọ̀, kó sọ, kó sì pa á mọ́ra títí á fi dé ibi tó yẹ. Èyí ń dúró de iṣan àti ọpọlọ kó gbó díẹ̀.

Pámpásì náà tún dá kún un. Nápíkìn aláṣọ máa ń tutù, ọmọ á sì sunkún. Ti òde òní ń fa omi mu débi pé ọmọ á tọ̀, á tún máa bá eré rẹ̀ lọ. Ẹni tó sì ń pọn omi fọ nápíkìn kún páànù lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó máa sọ fún un kó tó yára.

Bí ẹ bá ní ọmọ jòjòló nílé, tí àyè sì gbà yín, kò sóhun tó burú nínú ọ̀nà Màmá, bí ẹ ò bá ṣáà ti fipá mú ọmọ. Àmọ́ kì í ṣe ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì BRT lọ síbi iṣẹ́ ní aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n ṣe é fún.

Nígbà wo wá ni kí n bẹ̀rẹ̀?

Láàárín oṣù 18 sí ọdún méjì àbọ̀, ọmọ tó pọ̀ jù á fi hàn yín pé àwọn ti ṣe tán. Ní 1962, dókítà ọmọdé ará Amẹ́ríkà kan, T. Berry Brazelton, gbé ìròyìn jáde lórí ọmọ 1,170 tí òun ti sọ fún òbí wọn pé kí wọ́n dúró de àmì lára ọmọ. Nǹkan bí oṣù 28 ni púpọ̀ nínú wọn fi bọ́ lọ́wọ́ ìtọ̀ ọ̀sán. Orí èrò yẹn ni ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ṣì dúró lé. Ìwádìí mìíràn ní Amẹ́ríkà ní 2003 tún fi hàn pé àwọn òbí tó gbájú mọ́ ọn kí ọmọ tó pé oṣù 27 kò tètè parí ju àwọn yòókù lọ. Iṣẹ́ wọn kàn gùn sí i ni.

Àmì tí mo fọkàn tán jù ni ti ọmọ tó ń lọ fara pamọ́ sẹ́yìn àga tàbí ìlẹ̀kùn bó bá fẹ́ yàgbẹ́. Ó ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀, ó sì ti mọ̀ pé kì í ṣe nǹkan gbangba. Ẹ tún wò ó bóyá pámpásì rẹ̀ máa ń gbẹ fún wákàtí méjì, bóyá ó lè jẹ́ iṣẹ́ bíi "lọ gbé bàtà rẹ wá fún mi," bóyá ó lè fa ṣòkòtò rẹ̀ wálẹ̀. Kò dìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé. Èmi ò sì gbà pé kéèyàn káwọ́ lẹ́yìn títí ọmọ á fi pé ọdún mẹ́ta láìgbé póò síwájú rẹ̀ rí. Àmì kì í jáde lára ọmọ tí kò tíì rí ohun tí wọ́n ń fẹ́ kó ṣe.

Ẹ sún un síwájú bó bá ń ṣàìsàn, bí ẹ bá ń kó ilé, tàbí bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àbúrò rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí ilé ìwé wọlé. Báwo ni kí n ṣe é?

Ẹ ra póò kékeré tí ẹsẹ̀ ọmọ máa tẹlẹ̀ dáadáa. Ṣáláńgá ń dẹ́rù bà á, omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń hó gùù náà ń dẹ́rù bà á, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń fì lókè kò lè fún ìgbẹ́ jáde dáadáa. Ẹ jẹ́ kó jókòó lé e pẹ̀lú aṣọ lára fún ọjọ́ díẹ̀, kó kàn mọ̀ pé tòun ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ọjọ́ tí ẹnì kan nínú yín máa wà nílé, kí ẹ sì bọ́ pámpásì ọ̀sán kúrò pátápátá. Ẹni tó bọ́ ọ lónìí, tó tún wọ̀ ọ́ lọ́la torí pé àlejò ń bọ̀, ń da ọmọ lọ́kàn rú ni. Pátá nìkan tó nílé. Bí ẹ bá ń jáde, kó jẹ́ ṣòkòtò onírọ́bà, kì í ṣe èyí tó ní bọ́tìnì àti bẹ́líìtì. Ẹ gbé póò dání. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó ò mọ ọmọ ọdún méjì yàtọ̀.

Ẹ má ṣe máa bi í pé "Ṣé o fẹ́ tọ̀?" "Rárá" ló máa dáhùn, tí ìtọ̀ bá tiẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ sọ pé "Àsìkò póò tó," kí ẹ sì gbé e lé e bó bá jí, kó tó wẹ̀, kí ẹ tó jáde. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ẹ̀yìn oúnjẹ, torí bí oúnjẹ bá ti wọ ikùn, ìfun á bẹ̀rẹ̀ sí í ti ti tẹ́lẹ̀ jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún tó. Bí kò bá sí nǹkan kan, kó dìde.

Bó bá ṣe é, ẹ yìn ín, ẹ pe oríkì rẹ̀, kí orí rẹ̀ wú. Bó bá tọ̀ sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́: "Ìtọ̀ ti dà sílẹ̀. Inú póò là ń tọ̀ sí. Wá, ká nù ún." Ọmọ tí wọ́n nà nítorí ìtọ̀ á kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi pátá tútù pamọ́. Ẹ má sì dín omi tó ń mu kù. Ìgbẹ́ gbígbẹ ló máa fà.

Bí ẹ bá ń nu ìdí ọmọbìnrin, láti iwájú lọ sẹ́yìn ni, kí ìgbẹ́ má bàa kan ojú ara. Kẹ́ ẹ sì da ìgbẹ́ ọmọ sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kì í ṣe gọ́tà. Àwọn kan gbà pé tọmọdé ò lè ṣe èèyàn ní nǹkan. Kòkòrò àrùn wà nínú tiwọn bíi ti àgbà.

Ṣé á bọ́ sí i láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Ó ṣeé ṣe fún ìtọ̀ ọ̀sán, bó bá ti ní àmì. Ẹ sọ òótọ́ fún olùkọ́ rẹ̀, kí ẹ fi pátá mẹ́ta sínú báàgì, kí òun náà máa lo ọ̀rọ̀ kan náà tí ẹ ń lò nílé.

Ó ń tọ̀ sí póò, àmọ́ tó bá di ìgbẹ́, á ní pámpásì lòun fẹ́.

Ó wọ́pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Nínú ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní 1997, nínú ọmọ 482, bí ọ̀kan nínú márùn-ún ló kọ̀ bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan ó kéré tán.

Ìgbẹ́ tó le ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Ó dun ọmọ lẹ́ẹ̀kan, ó wá ń dì í mú. Bó ṣe ń dì í mú ló ń le sí i, ìgbà mìíràn á sì tún dùn ún jù ti àkọ́kọ́. Nígbà tó bá yá, ìgbẹ́ olómi á máa yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ èyí tó dì jáde sára pátá. Ìyá á rò pé inú ń ṣu ọmọ, á lọ ra oògùn inú ṣíṣu, ọ̀rọ̀ á tún wá burú sí i.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀ ná. Omi, ìbẹ́pẹ, ọsàn tòun ti háhá inú rẹ̀, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́. Kí mílíìkì má sì pọ̀ jù. Ẹ fún un ní pámpásì fún ìgbẹ́ nìkan, àmọ́ kó máa ṣe é nítòsí póò. Bó bá yá, kó jókòó lé póò pẹ̀lú pámpásì lára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ki ọṣẹ bọ̀ ọ́ nídìí. Ó máa ń ta á, ẹ̀rù á sì tún bà á sí i. Bí kò bá rọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, dókítà ní oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀.

Ṣé kí ọkùnrin dúró tọ̀?

Kó kọ́kọ́ jókòó. Bó bá rí bàbá rẹ̀, á dúró nígbà tó bá yá.

Òru ńkọ́?

Òru ò sí lára ẹ̀kọ́ yìí. Bí ọmọ bá sùn, ọpọlọ ló ń ránṣẹ́ sí kíndìnrín pé kó dín ìtọ̀ kù, ọpọlọ yẹn náà ló sì yẹ kó jí i bí àpò ìtọ̀ bá kún. Ìgbà tó bá gbó ló ń gbó. Bí ọmọ 15 nínú 100 ló ṣì ń tọ̀ sílé ní ọmọ ọdún márùn-ún, kí wọ́n sì tó pé ọdún yẹn, dókítà kì í kà á sí àìsàn.

Kí ẹ tó pe ọmọ ní atọ̀ọ́lé, ẹ bi àwọn àgbà ilé léèrè ọ̀rọ̀ ara yín. Bí bàbá àti ìyá bá tọ̀ sílé nígbà èwe, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọmọ wọn ló máa ń ṣe é. Àwọn kan ṣì ń gbé ẹní tútù lé ọmọ lórí kí ẹgbẹ́ rẹ̀ máa kọrin yẹ̀yẹ́ tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń sùn ni wọ́n ń fìyà jẹ. Ẹ tẹ́ rọ́bà sábẹ́ aṣọ ibùsùn, kó tọ̀ kó tó sùn, kó mu omi rẹ̀ dáadáa lọ́sàn-án kí òùngbẹ má bàa gbẹ ẹ́ lálẹ́.

Ó ti mọ̀ ọ́n fún oṣù mẹ́fà, ó wá tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sára.

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ mìíràn tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé, ẹ padà sí àsìkò póò bíi ti ìbẹ̀rẹ̀, láìbínú. Ó sábà máa ń kọjá. Àmọ́ bó bá ń ké tó bá ń tọ̀, tí ibà wà lára rẹ̀, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ nínú, ó ṣeé ṣe kí kòkòrò ti wọ ọ̀nà ìtọ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Bó bá sì jẹ́ pé omi ló ń mu ṣáá, tó ń tọ̀ lemọ́lemọ́, tó sì ń rù, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.