Ibi tí ẹ̀dínwó ilé ìtajà ńlá ti ń wá

Nínú dọ́là 100 tí Walmart, ilé ìtajà ńlá ti Amẹ́ríkà, bá pa, dọ́là 2 sí 3 péré ló sábà máa ń kù sọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ìnáwó. Kì í ṣe inú èrè rẹ̀ ni ẹ̀dínwó ti ń jáde, inú ìnáwó ni. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ lórí ríra ọjà níbẹ̀ ní láti wádìí irú ìnáwó tí wọ́n gé, àti ẹni tí ó tipa bẹ́ẹ̀ pàdánù.

Gígé mìíràn wà tí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Aldi ti Jámánì ni àpẹẹrẹ tó hàn kedere jù. Irú ọjà tó wà nínú sọ́ọ̀bù rẹ̀ kan kì í sábà ju bíi 2,000 lọ, nígbà tí sùpámákẹ́ẹ̀tì ńlá máa ń ní 30,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú páálí tí ọjà bá wá ni wọ́n ń tà á, òṣìṣẹ́ kì í tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ tí Aldi fúnra rẹ̀ ni ló wà lára èyí tó pọ̀ jù, nítorí náà kò sí owó ìpolówó gọbọi tí a fi kún iye rẹ̀. Oníbàárà ń fi owó ẹyọ sínú kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dá kẹ̀kẹ́ padà kó tó rí owó rẹ̀ gbà.

Ọ̀rọ̀ yí padà tó bá kan àwọn tó ń kó ọjà wá fún ilé ìtajà. Ẹni tó bá ń ta ìdá kan nínú mẹ́ta ọjà rẹ̀ fún oníbàárà kan ṣoṣo kò lè sọ pé rárá. Ní òpin àwọn ọdún 1990, Walmart ń ta gálọ́ọ̀nù kùkúḿbà iléeṣẹ́ Vlasic tí wọ́n rẹ sínú ọtí kíkan ní dọ́là 2.97. Ó tà bí omi, ṣùgbọ́n èrè orí ìgò náà kò ju sẹ́ńtì mélòó kan lọ, àwọn tó ń ra ìgò kékeré tó lérè sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sílẹ̀. Ní 2001, Vlasic wọ gbèsè débi pé ó sá sábẹ́ ààbò ilé ẹjọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe kùkúḿbà nìkan ló fà á. Ọ̀nà mìíràn ni kí ilé ìtajà fi owó ọjà falẹ̀, tàbí kó fagi lé ọjà nígbà tó ti délẹ̀ tán. Òfin tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2019 ka irú rẹ̀ léèwọ̀: owó ọjà tó ń tètè bàjẹ́ kò gbọdọ̀ pẹ́ ju 30 ọjọ́ lọ.

Ilé iṣẹ́ aṣọ ni ìpalára ti burú jù. Ilé ìtajà dá iye owó, ó sì dá ọjọ́. Nígbà tí iṣẹ́ bá ju agbára ọ̀gá iléeṣẹ́ lọ, á gbé apá kan fún iléeṣẹ́ mìíràn ní bòókẹ́lẹ́, ibẹ̀ ni àyẹ̀wò kì í dé. Bí aṣọ tí wọ́n ń rán fún Walmart ṣe dé Tazreen ní Bangladesh nìyẹn, níbi tí iná ti pa ó kéré tán ènìyàn 112 ní Oṣù Kọkànlá 2012; Walmart ní òun kò fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gbé iṣẹ́ lọ síbẹ̀. Àyẹ̀wò tó bá dé gan-an kì í fi gbogbo ìgbà dáàbò boni. Ní Karachi ní Pakistan, ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, iná pa ènìyàn tó ju 250 lọ ní iléeṣẹ́ Ali Enterprises, tó ń rán aṣọ fún KiK, ilé ìtajà aṣọ pọ́ọ́kú ti Jámánì. Ìwé ẹ̀rí SA8000, tó ń jẹ́rìí pé iléeṣẹ́ ń dáàbò bo òṣìṣẹ́, tí wọ́n fún iléeṣẹ́ náà kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Ohun tó ń fà á kò ṣòro láti rí: iléeṣẹ́ sábà máa ń mọ ọjọ́ tí aláyẹ̀wò ń bọ̀, òun náà ló sì sábà máa ń sanwó fún un.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọjà ọ̀wọ́n bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Àwọn iléeṣẹ́ inú Rana Plaza, ilé kan ní Bangladesh tó wó ní 24 Oṣù Kẹrin 2013, tó pa ènìyàn 1,134, ti rán aṣọ fún Primark tí ọjà rẹ̀ kò wọ́n, wọ́n sì ti rán fún Benetton tí ọjà rẹ̀ wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú.

Nínú sọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, iye òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń gé. Tí ọkọ̀ bá já ẹrù sílẹ̀, tí kò sí ẹni tí yóò tò ó, páálí á dí ẹnu ọ̀nà tó yẹ kí ènìyàn gbà sá bí iná bá ṣẹ́. Irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí wà lára ohun tó mú kí ilé ìtajà Dollar General gbà láti san mílíọ̀nù 12 dọ́là fún ìjọba Amẹ́ríkà ní 2024. Ní ti owó ọ̀yà, dọ́là 7.25 fún wákàtí kan ni òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ láti 2009. Walmart ń san ju bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ àyẹ̀wò tí iléeṣẹ́ GAO ti ìjọba gbé jáde ní 2020 kà á mọ́ àwọn agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ wọn pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gba ìrànwọ́ oúnjẹ láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Owó orí ará ìlú ló ń dí ihò náà.

Ìdílé tí owó oúnjẹ rẹ̀ kò tó kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé lórí ibi tó ti ń ra ìyẹ̀fun. Kó ṣáà wo iye owó kílò kan, torí ọ̀rá kékeré lè wọ́n ju ńlá lọ. Aṣọ ló yẹ kí ẹni tó lágbára láti yàn kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò, nítorí ọwọ́ ènìyàn ló ń rán an. Kíkọ ọjà sílẹ̀ lójijì kọ́ ni ó dára jù: nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá fagi lé iṣẹ́ tí wọ́n ti rán tán ní 2020, àwọn aránṣọ Bangladesh ni ebi kọ́kọ́ pa. Kí oníbàárà wo orí ìkànnì Open Supply Hub bóyá ilé ìtajà ti kọ orúkọ àwọn iléeṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀, kó sì wò ó bóyá ó fọwọ́ sí àdéhùn ààbò tí wọ́n ń pè ní Accord, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́yìn Rana Plaza. Àdéhùn yìí yàtọ̀ sí ìlérí lásán, torí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lè fi í pe iléeṣẹ́ lẹ́jọ́. Wọ́n pe iléeṣẹ́ méjì síwájú àwọn onílàjà ní The Hague, ọ̀kan nínú wọn sì gbà ní 2018 láti san mílíọ̀nù 2 dọ́là fún àtúnṣe àwọn ilé iṣẹ́ tó ń rán aṣọ fún un.