Láti Orí Ààtàn Dé Orí Ààrò: Bí Ìgò, Ike àti Agolo Ṣe Ń Padà Wúlò

Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò l'Ékòó àti n'Ìbàdàn, kí ọkọ̀ akódọ̀tí tó dé, àwọn mìíràn ti gba ojúlé kọjá. Ìyá onígò ti kígbe títí ó fi yà sí òpópónà kejì, ẹni tó ń ti ọmọlanke ti ra irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ẹnìkan sì ti ṣa ike omi tó wà nínú gọ́tà sínú àpò ìrẹsì. Nígbà tí ọkọ̀ bá fi máa wọlé, ohun tó kù fún un ti dín kù púpọ̀. Iṣẹ́ àwọn èèyàn yìí ní ètò tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí pátákó tó ń polówó rẹ̀. Àwọn ni kò jẹ́ kí gbogbo nǹkan tí a dà nù dé ààtàn.

Ohun tó ń pinnu bóyá nǹkan tí a sọ nù yóò padà wúlò ni ibi tí wọ́n ti yà á sọ́tọ̀. Tí wọ́n bá yà á sọ́tọ̀ nínú ilé, owó ni. Tó bá dé orí ààtàn kí wọ́n tó ṣà á, wàhálà rẹ̀ á pọ̀, iye tí wọ́n máa rí lórí rẹ̀ á sì kéré. Ìdí ni pé ohun tó ju ìdajì lọ nínú ìdọ̀tí ilé ní àwọn ìlú wa jẹ́ nǹkan tútù: èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọbẹ̀ tó ti kan, ìyókù ẹ̀bà. Tí omi ọbẹ̀ bá ti kan páálí, páálí yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn. Ike tí epo ti ta sí lára yóò gba ọṣẹ àti omi gbígbóná kí ẹnikẹ́ni tó lè lò ó. Ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra ike máa ń kọ̀ ọ́.

Ní Olúsosùn, ní Ojota l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti ń da ìdọ̀tí láti ọdún 1992, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi ìkọ́ irin tú òkìtì ìdọ̀tí wò lójoojúmọ́, tí wọ́n ń wá ike, bàbà àti agolo. Èéfín àti ìgò fífọ́ ni wọ́n ń bá jìjàkadì, iná ńlá sì sọ níbẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2018. Gbogbo ohun tí wọ́n ń fi ewu wá lórí òkìtì yẹn ló ti wà ní mímọ́ nínú ilé ẹnìkan rí. Ó yẹ kó dun ẹnikẹ́ni tó bá rò ó.

Nínú gbogbo ọ̀nà tí nǹkan ń gbà padà wúlò, ti ìyá onígò ló dára jù, nítorí pé kò lo iná rárá. Ìgò tó bá rà, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sì tún fi ta nǹkan mìíràn. Ìgò ọtí òyìnbó di ìgò ẹ̀pà yíyan lẹ́bàá títì, ìgò wáìnì di ti oyin tàbí ti àgbo, kẹ́ẹ̀gì òróró di ti epo pupa. Ẹni tó bá fẹ́ yọ́ ìgò kó lè ṣe òmíràn yóò dá iná tó gbóná ju ìwọ̀n 1,400 Celsius lọ, bẹ́ẹ̀ omi, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ti tó láti fọ̀ ọ́. Ìgò tàbí kẹ́ẹ̀gì tí oògùn apakòkòrò ti wọ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú ọjà yìí, bó ti wù kí wọ́n fọ̀ ọ́ tó.

Àwọn ilé-iṣẹ́ bíà àti ẹlẹ́rìndòdò lo irú ọgbọ́n yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá fẹ́ ra kírétì kan gbọ́dọ̀ kó òfìfo wá, tàbí kó sanwó ìgò sílẹ̀. Owó tó wà lórí ìgò yẹn ni kì í jẹ́ kí ìyá ẹlẹ́rìndòdò gbà kí oníbàárà gbé e lọ. Nígbà tí ike wá gba ipò ìgò, kò sí owó kankan lórí rẹ̀ mọ́. Ẹni tó mu omi tán á jù ú síbi tó bá wà, òjò á sì gbá a wọ gọ́tà. Bí a bá fẹ́ mọ ìdí tí ojú àgbàrá fi ń dí ní ìlú wa, ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀.

Wàhálà ike ni pé kò wúwo. Ike omi kékeré kan wọn bíi gíráàmù 20, nítorí náà ó gba bíi 50 kó tó pé kílò kan, kílò sì ni wọ́n fi ń rà á. Tí wọ́n bá kó o sínú ọkọ̀ láìtẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ lọkọ̀ ń gbé, owó epo á sì jẹ èrè tán. Ìdí nìyí tí àwọn alágbàtà fi wà láàárín aṣake àti ilé-iṣẹ́. Àwọn ló ní òṣùwọ̀n, àwọn ló ní àyè láti kó ẹrù jọ títí á fi tó ọkọ̀, àwọn tó sì rọ́wọ́ mú láàárín wọn ní ẹ̀rọ tó ń tẹ ike pọ̀ di ìdì gbagidi.

Ètò Wecyclers, tí Bilikiss Adebiyi-Abiola dá sílẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 2012, mú iṣẹ́ òṣùwọ̀n yìí wá sí ẹnu ọ̀nà ilé. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ wọn máa ń gun kẹ̀kẹ́ tí wọ́n so àyè ẹrù mọ́ wọ àdúgbò tí ọ̀nà rẹ̀ kò gba ọkọ̀ akódọ̀tí. Wọ́n á wọn ohun tí onílé yà sọ́tọ̀, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, àmì á sì wọlé sórí fóònù onílé nípasẹ̀ àtẹ̀jíṣẹ́. Tí àmì bá pọ̀ tó, onílé á fi gba oúnjẹ tàbí ohun èlò ilé. Ètò yìí gba ẹ̀bùn King Baudouin fún ìdàgbàsókè Áfíríkà ti ọdún 2018 sí 2019. Ní Ajégúnlẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ Morit International náà gba àwọn òbí láyè láti fi ike san lára owó ilé-ìwé, lábẹ́ ètò kan tí African Cleanup Initiative gbé kalẹ̀: òbí á gbé àpò ike dé, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á sì yọ iye rẹ̀ kúrò nínú gbèsè ọmọ. Nínú ètò méjèèjì, owó tó ti kúrò lórí ìgò ni wọ́n dá padà sórí ike.

Nígbà tí ike bá dé ilé-iṣẹ́, wọ́n á tún yà á sọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Èyí tó mọ́ gaara, tí kò ní àwọ̀, níye lórí ju aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ ilẹ̀ lọ, nítorí wọ́n lè pa á láró sí àwọ̀ tó bá wù wọ́n. Wọ́n á lọ̀ ọ́ wẹ́wẹ́ tòun ti ìdérí, wọ́n á sì dà á sínú ọpọ́n omi. Ara ìgò oníke á rì, èépá ìdérí á léfòó, nítorí pé ike tí wọ́n fi ṣe ìdérí fúyẹ́ ju omi lọ. Wọ́n á ré èyí tó léfòó kúrò, wọ́n á fi omi gbígbóná àti sódà fọ èyí tó rì. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń yọ́, tí wọ́n sì ń fà bí òwú, tí wọ́n á wá kì sínú ìrọ̀rí àti tìmùtìmù.

Agolo ní tirẹ̀ kì í rìn jìnnà. Òòfà ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Agolo mílíìkì àti ti tòmátò, irin ni, òòfà á gbá a mú. Agolo máátì àti fírémù fèrèsé, alumíníọ́mù ni, òòfà kò ní kà á sí. Alumíníọ́mù ni àwọn adàkòkò ń wá, ní Ṣakí lágbègbè Òkè-Ògùn, níbi tí iṣẹ́ ìkòkò àti ṣíbí ti gbajúmọ̀, àti ní ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn.

Ìkòkò àtijọ́ ni wọ́n fi ń ṣe àwòṣe. Wọ́n á dojú rẹ̀ dé lórí pákó, wọ́n á gbé férémù onígi yí i ká, wọ́n á sì gún iyanrìn kíkúnná tí wọ́n bu omi díẹ̀ sí mọ́ ọn lára títí á fi le. Iyanrìn yìí ò gbọdọ̀ tutù jù. Adàkòkò á bu ú sọ́wọ́, á fún un, tó bá di ìṣù tí kò tú, tí ọwọ́ kò sì rin, ó ti tó. Lẹ́yìn náà wọ́n á yí gbogbo rẹ̀ padà, wọ́n á fi eérú gbígbẹ wọ́n ojú ibi tí iyanrìn méjèèjì ti máa pàdé kí wọ́n má bàa lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á wá gún iyanrìn kún inú ìkòkò náà. Tí wọ́n bá ṣí i, wọ́n á yọ ìkòkò àwòṣe jáde wọ̀ọ̀, wọ́n á sì dé iyanrìn náà padà. Àlàfo tó ṣẹ́ kù láàárín iyanrìn òde àti ti inú, tí kò nípọn ju ara ìkòkò lọ, ni ìkòkò tuntun máa bọ́ sí.

Ní gbogbo àkókò yìí, iná ti ń jó lábẹ́ ìkòkò irin tí wọ́n fi ń yọ́ alumíníọ́mù. Ẹwìrì ni wọ́n fi ń fẹ́ iná láyé àtijọ́, ẹ̀rọ afẹ́ná ló pọ̀ lónìí. Alumíníọ́mù ń yọ́ ní ìwọ̀n 660 Celsius, irin ní tirẹ̀ kò ní yọ́ àfi tó bá kọjá 1,500. Nítorí náà, bóòtù irin tó bá fara pamọ́ sínú ẹ̀yà ẹ́ńjìnì á kàn wà nísàlẹ̀ ni, wọ́n á fi ẹ̀mú yọ ọ́. Ìdàrọ́, ìyẹn pàǹtírí tó yà kúrò lára alumíníọ́mù, á léfòó, wọ́n á gbọ́n ọn kúrò. Agolo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló máa ń di ìdàrọ́ jù, èyí ló fà á tí ẹ̀yà ẹ́ńjìnì àti fírémù fèrèsé fi wù wọ́n jù ú lọ. Ohun tí ọ̀gá máa ń kìlọ̀ fún ọmọ iṣẹ́ ni pé kò gbọdọ̀ ju ohunkóhun tó ní omi lára sínú ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ ọ, nítorí omi náà á di ategùn lójijì, á sì ta alumíníọ́mù yíyọ́ sí gbogbo ẹni tó wà nítòsí. Wọ́n á da yíyọ́ náà sínú ihò tí wọ́n dá sí iyanrìn, láìdánu dúró títí á fi kún. Láìpẹ́, wọ́n á fọ́ iyanrìn, ìkòkò á jáde, fáìlì á sì wẹ etí rẹ̀ mọ́. Iná tí wọ́n lò kò tó ìdá 10 nínú 100 èyí tí à bá fi yọ alumíníọ́mù tuntun látinú òkúta rẹ̀.

Òjé ni ewu iṣẹ́ yìí. Tí ohun tí wọ́n fi òjé jó pọ̀, irú èyí tó wà lára rédíétọ̀ àtijọ́ tàbí ẹ̀rọ iná mànàmáná, bá bá ẹ̀yà mọ́tò wọ inú ìkòkò yíyọ́, ojú kò lè rí i mọ́. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ gbé ìkòkò irú èyí láti Cameroon, wọ́n se omi kíkan nínú wọn, wọ́n sì rí i pé òjé ń jáde bọ́ sínú omi náà. Ọbẹ̀ tòmátò náà máa ń kan, bẹ́ẹ̀ sì ni ògì. Bátìrì mọ́tò burú ju èyí lọ. Ní 2025, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣe ní Ògìjo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ òjé bátìrì pọ̀ sí, fi hàn pé òjé ti wọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń gbé nítòsí. Ọmọdé ló ń ṣe lọ́ṣẹ́ jù, ọpọlọ rẹ̀ ló ń bá jà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọ́ bátìrì lẹ́yìnkùlé, kò sì yẹ kí òjé àti alumíníọ́mù wà nínú àpò kan náà.

Àwọn ohun kan wà tí òṣùwọ̀n ò lè ràn lọ́wọ́. Abọ́ tékàwé funfun fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò sẹ́ni tó máa rà á, ó sì ń fọ́ wẹ́wẹ́ kó tó rin jìnnà. Irú èyí ni òfin wà fún: ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin dè é ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, wọ́n sì fi sítúróò, ife ike àlòsọnù àti láílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kún un láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún 2025. Alájàpá tó padà sí ewé gbòdògí àti ewé eéran kò pàdánù nǹkan kan, ewúrẹ́ á sì jẹ ìyókù.

Nǹkan tútù nílò ọwọ́ tirẹ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ ń bọ́ ẹran ọ̀sìn. Èèpo kòkó, tí kì bá jẹrà lóko lásán, ni wọ́n ń sá gbẹ, tí wọ́n ń sun di eérú. Wọ́n á kó eérú náà sínú ìkòkò tí wọ́n dá ihò sí nídìí, wọ́n á da omi lé e, omi tó bá ń kán jáde nísàlẹ̀ ni wọ́n á gbé kaná pẹ̀lú àdín, tí wọ́n á máa rò títí á fi dì di ọṣẹ dúdú.

Àdúgbò tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ètò yìí lè gbé e kalẹ̀ ní ìpàdé àwọn onílé. Kí ilé kọ̀ọ̀kan ní àpò méjì, ọ̀kan fún tútù, ọ̀kan fún gbígbẹ. Kí wọ́n da ìyókù omi inú ike nù kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n fi ọjọ́ kan sílẹ̀ lọ́sẹ̀ fún alágbàtà tàbí onígò, kí onítọ̀hún mọ̀ pé òun ò ní wá lásán. Kí wọ́n sì gbé òṣùwọ̀n síta gbangba, kí gbogbo ojú rí i pé orí òdo ló wà kí wọ́n tó gbé àpò àkọ́kọ́ kọ́ ọ.